Ta Ni A Ó Wọ̀ Sí? Ìtàn Ibùwọ̀ Ìdílé Lójú Ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀



Bí Ọdún Ifá Àgbáyé tí a ń ṣe ní Òkè Ìtasẹ̀ ní oṣù kẹfà bá ti ń súnmọ́, ìdílé tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé Ilé-Ifẹ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè pé: hòtẹ́ẹ̀lì wo ni ó wà lójú ọ̀nà? Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni àwọn baba wa ń béèrè. Tiwọn ni pé: ta ni a ó wọ̀ sí? Wọn kò wá yàrá. Ènìyàn ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Láti Àyèká níhìn-ín, lẹ́bàá Òkìtìpupa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, a ó gba Orè, a ó gba Oǹdó, a ó gba Òkè-Igbó, kí a tó wọ Ilé-Ifẹ̀. Ó lé ní 120 kìlómítà. Géńdé ọkùnrin lè rìn ín ní ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá wà nínú ìdílé náà, tí a sì pọn ọmọ sẹ́yìn, yóò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ni pé ènìyàn mẹ́wàá yóò wá ibi tí wọn yóò fi orí lé ní òru márùn-ún tàbí mẹ́fà, ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn.

Ní ọdún 1872 ni Glover, ajẹ́lẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, la ọ̀nà ìhà ìlà-oòrùn fún òwò, nítorí pé Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá a máa ti ọ̀nà tiwọn. Àwọn èrò a wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, wọn a gúnlẹ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rìn gba Òde-Oǹdó àti Òkè-Igbó lọ sí òkè. Nígbà tí ó di 1877, ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, kò sì parí títí di 1893. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àjèjì tí kò ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè jẹ́ amí lójú onílùú. Ó sì lè di ẹrú lọ́wọ́ ajínigbé. Nítorí náà, bí èrò bá dé ẹnu bodè, kì í ṣe owó bodè nìkan ni wọ́n ń bi í. Wọn a bi í pé ilé ta ni ó ń lọ.

Ẹni tí ó bá lè dárúkọ onílé ni ó bọ́. Onílé yìí ni onídùúró àlejò. Òun ni yóò mú un lọ kí baálẹ̀, òun ni yóò sì dáhùn bí àlejò bá jí ewúrẹ́ tàbí bí ó bá bá ìyàwó ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi máa ń ránṣẹ́ ṣáájú. A lè fi àrokò rán ẹni tí ó mọ ọ̀nà, bí ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀, tí í ṣe ẹ̀fà: pé ọkàn wa fà mọ́ yín. Bí ìdílé bá dé, omi tútù ni a ó kọ́kọ́ bù fún wọn, kí obì tó tẹ̀ lé e. A ó wá pín wọn: àwọn ọkùnrin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ sọ́dọ̀ ìyáálé. Àlejò kì í san owó ilé. Yóò mú oúnjẹ tí ó gbé dání jáde, bíi púpurù tiwa tí kì í tètè bàjẹ́, yóò bá wọn ṣẹ́gi, yóò sì jí kí àwọn àgbà ilé kí ó tó gbé ẹrù.

Àwa awo ní ọ̀nà tiwa pẹ̀lú, nítorí pé awo ní í gbé awo ní ìgbọ̀nwọ́. Lọ́dọ̀ Olúwo tí ó kọ́ mi ní Ifá, ọmọ awo gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àwọn awo ojú ọ̀nà bí ó ti mọ orúkọ Odù. Ẹ sì kíyè sí i pé nínú ọ̀pọ̀ ẹsẹ Ifá tí ó sọ nípa ìrìnàjò, a ó dárúkọ ẹni tí ó ń lọ, a ó dárúkọ ìlú tí ó ń lọ, a ó sì sọ ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ìpèsè ti ṣáájú ìrìn.

Ẹ rántí ìrìn Ọbàtálá sí ọ̀dọ̀ Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá kìlọ̀ fún un pé ìrìn náà le. Ó ní kí ó mú aṣọ funfun mẹ́ta, ọṣẹ àti òrí dání, kí ó má sì ráhùn. Èṣù da epo sí i lára, ó da èédú, ó da àdín. Baba wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó ń lọ. Ó rí ẹṣin Ṣàngó tí ó sọnù, ó mú un dání kí ó lè dá a padà, ni àwọn ìránṣẹ́ ọba bá ní olè ni. Ọdún méje ni ó fi wà ní ẹ̀wọ̀n. Òjò kọ̀, obìnrin yàgàn, títí Ṣàngó fi dífá tí ó mọ ẹni tí ó wà ní àhámọ́. Ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, àwọn ọmọ òrìṣà ṣì ń pọn omi lọ́dọọdún ní ìrántí omi tí a fi wẹ Baba nígbà tí ó jáde. Sùúrù ni a máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ìhà kejì: Ọbàtálá mọ ọba, kò mọ onílé kan ṣoṣo lójú ọ̀nà tí ìbá jáde wí pé, “Mo mọ Baba yìí.”

Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ní ìtàn tí ó dojú ọ̀rọ̀ kọ onílé. Àwọn àgbà ní ọkùnrin Ìlàjẹ kan ṣẹ̀ sí ìyàwó olóyè, ó sì sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìjọ́. Àwọn tí ó gbà á sílé kọ̀ láti fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà láàárín ẹ̀yà méjèèjì. Nígbà tí wọ́n máa mulẹ̀, ẹrúbìnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ ni ó di orúkọ tí a fi ń bọ ọ́ títí dòní: Ayélála. Ibùwọ̀ kì í ṣe ohun eré. Ó tọ́ kí onílé dáàbò bo àlejò, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí ó kọ́kọ́ bi í ní ìdí tí ó fi kúrò nílé.

Kí onílé má sì gbéra ga. Nígbà tí ogun Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ tú Ilé-Ifẹ̀ ní nǹkan bí 1882, àwọn ọmọ ìlú tí gbogbo ayé ń wọ́ tọ̀ fúnra wọn di àlejò ní ìlú àti abúlé àyíká títí di 1894. Dérìn Ọlọ́gbẹ́ńlá tí wọ́n yàn ní Ọọ̀ni, Òkè-Igbó ni ó jókòó sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ìdílé yín rìn, ẹ dífá, ẹ rúbọ, kí ẹ sì ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni àrokò òde òní. Ẹ sọ iye yín, ẹ sọ bí àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́ ti pọ̀ tó, ẹ sọ òru tí ẹ ó dé. Ẹ lè sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì bí agbára bá wà, ṣùgbọ́n ẹ má wọ ìlú kan láìní ẹnì kan níbẹ̀ tí ó mọ orúkọ yín. Ẹ̀yin awo tí ilé yín wà lójú ọ̀nà, bí a bá sọ ìlẹ̀kùn awo di ti olówó nìkan, ọmọ tálákà yóò dẹ́kun àtirìn lọ sí orírun rẹ̀. Ẹ bu omi tútù kalẹ̀.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Ifá yóò gbè wá o.