Ẹni Tó Borí Kò Dá Borí

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí àwọn ọmọ wa bá ń wo Tour de France nínú oṣù keje, ẹ bi wọ́n pé ta ló borí lónìí. Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni wọn yóò dá. Ìtàn eré kẹ̀kẹ́ yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1903, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ọ̀nà bá tẹ́jú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lópin ló sábà máa ń borí. Afẹ́fẹ́ sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gbà á. Ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ń tọ́jú agbára. Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń tò síwájú rẹ̀ bí ọkọ̀ rélùwéè. Bí agbára ọ̀kan bá tán, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn á gbà á. Ẹni ìkẹyìn á sìn ín dé nǹkan bí 200 mítà sópin. Báyìí ni Mario Cipollini, ará Ítálì, ṣe borí ní ọjọ́ 4 léraléra ní 1999.

Ẹ wo Mark Cavendish, ọmọ Erékùṣù Man. Ní 2009, ó borí ní ọjọ́ 6. Ní Paris, Mark Renshaw tó sìn ín ló ṣe ipò kejì. Ní 2012, Bradley Wiggins wọ ẹ̀wù ìyeyè, ẹ̀wù ọba eré náà, síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́ níwájú ní Paris kí Cavendish lè borí. Ọba di ìránṣẹ́!

Ní 2021, Cavendish bá Eddy Merckx dọ́gba ní 34. Ní 2023, ó ṣubú, egungun èjìká rẹ̀ kán. Ní ọjọ́ kìíní eré 2024, ooru mú un títí ó fi ń bì. Ẹni tó bá pẹ́ ju àkókò tí wọ́n dá lọ, ilé yá nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró tì í lórí òkè títí wọ́n fi jọ dé. Ní 3 oṣù keje, ní Saint-Vulbas, ó gba ìkarùndínlógójì ní ọmọ ọdún 39. Ọjọ́ méjì ṣáájú, Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, di adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó borí ní ọjọ́ kan nínú eré náà.

Ẹ̀yin ará, orúkọ kan ṣoṣo ló ń wà lórí ìwé ẹ̀rí ọmọ wa. Bàbá tó ṣiṣẹ́ òru ńkọ́? Àǹtí tó bá wa tọ́jú ọmọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká máa dárúkọ àwọn tó fi àyà gba afẹ́fẹ́.