Òfin Ìgbógunti Ìwà Agbésùnmọ̀mí àti Òmìnira Aráàlú ní Nàìjíríà

Òfin ìgbógunti ìwà agbésùnmọ̀mí ni òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ń lò láti mú àwọn tó ń fi bọ́ǹbù, ìbọn àti ìjínigbé pá aráàlú láyà, àti láti fìyà jẹ wọ́n. Èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí ni èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Òun ló rọ́pò òfin ọdún 2011 àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 2013. Ẹni tó bá rántí ìkọlù ìlú Ọ̀wọ̀ kò ní jiyàn pé irú òfin bẹ́ẹ̀ pọn dandan: ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ni àwọn apààyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier, tí wọ́n sì pa ó kéré tán ogójì èèyàn. Ohun tí àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń bá òfin yìí fà kì í ṣe pé ó le. Ibi tó ti lágbára jùlọ, ìyẹn fífòfin de ẹgbẹ́, títi èèyàn mọ́lé àti gbígbẹ́sẹ̀ lé owó ní báńkì, ibẹ̀ gan-an ni adájọ́ ti lè pàṣẹ lẹ́yìn tó gbọ́ tẹnu ìjọba nìkan. Àwọn àgbà wa ti fún irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lórúkọ tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, ọba òṣìkà.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí Boko Haram ni ìjọba wa ti ń fi ọ̀rọ̀ ààbò ká èèyàn mọ́lé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, lẹ́yìn tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin nílùú Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sì ká àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Action Group mọ́ ojú kan, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú wọn. Olóyè Rótìmí Williams, agbẹjọ́rò tó wà lára wọn, kò gbà. Ó pe Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, alábòójútó tí ìjọba yàn lé ẹkùn náà lórí, lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ wọ́gi lé àṣẹ tí wọ́n fi ká a mọ́, nítorí ìjọba kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Títí dòní ni àwọn agbẹjọ́rò ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà.

Ìjọba ológun kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Decree 2 ti ọdún 1984 fún wọn lágbára láti ti ẹni tí wọ́n bá pè ní ewu fún ìlú mọ́lé fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì tún un ṣe bí wọ́n bá fẹ́, láìsí pé ilé ẹjọ́ kankan lè bi wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 1996, nígbà ìjọba Sani Abacha, wọ́n wá mú Olóyè Gàní Fáwẹ̀hìnmí, agbẹjọ́rò ajàfẹ́tọ̀ọ́, nílé rẹ̀ nílùú Èkó láìsí ìwé àṣẹ. Ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọdún 2000, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ pé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà ti sọ di òfin nílé, ga ju òfin lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló ṣì ga jùlọ. Nígbà Decree 2, ilé ẹjọ́ kò lẹ́nu. Lábẹ́ òfin òde òní, ilé ẹjọ́ lẹ́nu, àmọ́ etí kan ló fi ń gbọ́rọ̀.

Ohun méjì ló bí òfin ọdún 2011. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà, Ìgbìmọ̀ Ààbò àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé pàṣẹ pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣòfin lòdì sí ìwà agbésùnmọ̀mí àti owó tí wọ́n fi ń ṣe é. Nàìjíríà ń fa ẹsẹ̀ títí di ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009, nígbà tí ọmọ Nàìjíríà kan, Umar Farouk Abdulmutallab, gbìyànjú láti fi bọ́ǹbù fọ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Detroit. Ọdún yẹn náà ni Mohammed Yusuf, olórí Boko Haram, kú sí ọwọ́ ọlọ́pàá ní Maiduguri, tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì padà wá bí ìjì. Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin náà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2011. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bọ́ǹbù fi dún ní olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá l'Ábùjá, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ, wọ́n fọ́ ilé àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó wà níbẹ̀. Nínú ìpayà bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dìde nílé ìgbìmọ̀ láti bèèrè nípa ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n bá mú?

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè yẹn tóbi. Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà nítòsí, tí kò bá sì sí nítòsí, láàárín ọjọ́ méjì tàbí iye ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá kà sí èyí tó bọ́gbọ́n mu. Bí oṣù méjì bá kọjá tí ẹjọ́ ẹni tó wà látìmọ́lé kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Àtúnṣe ọdún 2013 gba adájọ́ láyè láti fi ẹni tí wọ́n fura sí sí àtìmọ́lé fún 90 ọjọ́ lórí ẹ̀bẹ̀ tí ìjọba nìkan gbé wá. Ti 2022 dín in kù sí 60 ọjọ́, àmọ́ wọ́n lè máa tún un ṣe títí ìwádìí àti ẹjọ́ yóò fi parí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tọrọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí. Òfin 2011 tilẹ̀ ní ìlà kan tó yà mí lẹ́nu: fún wákàtí 24 àkọ́kọ́, dókítà rẹ̀ àti agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ tó tì í mọ́lé nìkan ni ẹni tí wọ́n mú lè rí. Agbẹjọ́rò ẹni tó dè ọ́ kò lè jẹ́ agbẹjọ́rò rẹ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí. Àtúnṣe 2013 ló mú ìdájọ́ ikú wọ inú òfin yìí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ sì sọ pé ààbò oṣù méjì yẹn kò sí fún ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tó la ikú lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú ìyà le fún ẹni tó jẹ̀bi, wọ́n ń bọ́ aṣọ ààbò lọ́rùn ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá lẹ́bi.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí èyí ń gbé èèyàn dé, kó wo Àríwá Ìlà Oòrùn. Nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2015, àjọ Amnesty International sọ pé ó lé ní 7,000 ọkùnrin àti ọmọkùnrin tó ti kú sí àtìmọ́lé àwọn ológun láti ọdún 2011. Ìjọba kò gba ìròyìn náà. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹjọ́ tí ìjọba gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣeé kọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn Boko Haram kàn ní bárékè ológun Kainji, ní ìpínlẹ̀ Niger, láìjẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn wọlé. Ní ìpele kìíní, 45 ni wọ́n dá lẹ́bi. Àwọn 468 ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé kò sí ẹ̀rí tó tó, kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ìtúnròrí ná. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan nínú wọn ti wà nínú ẹ̀wọ̀n. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn ní ọdún tí wọ́n mú wọn, ọdún yẹn ni wọn ì bá ti lọ sílé.

Nínú fífòfin de ẹgbẹ́ pẹ̀lú, ẹ̀bẹ̀ ìjọba nìkan ni adájọ́ ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fòfin de IPOB, ẹgbẹ́ tó ń jà fún Biafra, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Enugu sọ ní 2023 pé kò bá ìwé òfin mu, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì sọ ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé ó bá a mu. Ti ẹgbẹ́ Ṣíà ti Sheikh Ibrahim El-Zakzaky ló bani nínú jẹ́ jù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, àwọn ológun kọlù wọ́n ní Zaria. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba Kaduna gbọ́ pé òkú 347 ni wọ́n kó sínú kòtò kan. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ ní oṣù kejìlá ọdún 2016 pé kí wọ́n tú Sheikh náà sílẹ̀. Ìjọba kò ṣe é. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń wọ́de kiri Àbújá nítorí èyí, ni ìjọba bá lọ gba àṣẹ ní oṣù keje ọdún 2019 láti pe ẹgbẹ́ wọn ní agbésùnmọ̀mí. Ní oṣù keje ọdún 2021, ilé ẹjọ́ Kaduna dá Sheikh náà láre. Àwọn ajínigbé inú igbó Zamfara àti Katsina, tí wọ́n ti ń sun abúlé láti ọdún pípẹ́, oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni ìjọba tó ní kí ilé ẹjọ́ fún wọn lórúkọ kan náà.

Àwa tó wà nílẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ti oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ìkà ọlọ́pàá, báńkì àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́ l'Ábùjá, wọ́n sì gba àṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì 20 tó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n so mọ́ ìwọ́de náà, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó agbésùnmọ̀mí. Oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù keje ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, DSS, wọ ilé Sunday Ìgbòho, ajìjàgbara Yorùbá, ní Sókà, nílùú Ìbàdàn, lóru. Èèyàn méjì kú. Àwọn 12 tí wọ́n kó lọ l'Ábùjá wà níbẹ̀ láìfẹ̀sùn kàn wọ́n nílé ẹjọ́, títí agbẹjọ́rò wọn fi pe DSS lẹ́jọ́, tí adájọ́ ní kí wọ́n kó wọn wá, tí ó sì fún wọn ní béèlì ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ.

Lẹ́yìn ìwọ́de ebi ti oṣù kẹjọ ọdún 2024, ọlọ́pàá lo òfin 2022 láti gba àṣẹ 60 ọjọ́ lórí àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n kó àwọn 76 dé ilé ẹjọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, tí wọ́n ka ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ síjọba sí wọn lọ́rùn, ọmọdé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ara wọn ti gbẹ. Àwọn kan ṣubú lulẹ̀ lójú adájọ́. Béèlì tí wọ́n bù fún wọn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo ìlú ti pariwo ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Kò sí agbésùnmọ̀mí kankan nínú àwọn ọmọ yẹn.

Abala 46 ìwé òfin gba ẹnikẹ́ni láyè láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó gba àwọn 12 tí DSS kó nílé Ìgbòho nìyẹn. Abala 35 náà sọ pé ẹni tí wọ́n mú lè pa ẹnu mọ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àti pé láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sínú ìwé fún un, ní èdè tó gbọ́. Bí wọ́n bá mú ọmọ yín, ẹ bèèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ wọn, ẹ sì ní kó jẹ́ ní Yorùbá bó bá jẹ́ Yorùbá ló gbọ́.