Èéfín Tí Iná Ń Jẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé èéfín ni ìwà, rírú ní í rú. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé bí ó ti wù kí ènìyàn fi ìwà rẹ̀ pamọ́ tó, yóò hàn síta. Èmi kò bá wọn jiyàn ní ti ìwà. Ṣùgbọ́n ní ti èéfín fúnra rẹ̀, mo ti kà nípa àwọn kan tí wọ́n rí ọ̀nà tí kò fi ní rú mọ́: wọ́n mú kí iná tí ó bí i tún padà jẹ ẹ́. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ju ti iná dídá lọ.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Èédú tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń lò, igi ni a sun tí ó fi di èédú. Èédú ilẹ̀ yàtọ̀ sí i. Wíwà ni à ń wà á láti inú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà ní Enugu ní 1915, tí ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ wa fi sáré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èédú ilẹ̀ kan wà tí ó le, tí kì í rú èéfín púpọ̀. Òmíràn sì wà tí wọ́n ń pè ní rírọ̀. Èyí tí ó rọ̀ yìí ni ó pọ̀ jù, òun ni ó sì tètè ń gbaná. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ooru bá ti kàn án, gáàsì àti ọ̀dà a bẹ̀rẹ̀ sí jáde lára rẹ̀. Bí gáàsì yìí bá pàdé iná tí ó gbóná tó, tí ó sì rí afẹ́fẹ́ tí ó tó, yóò jó, yóò sì di ooru. Bí kò bá rí méjèèjì, a di èéfín dúdú, a sì gba orí òrùlé lọ. Ẹ rí i pé èéfín kì í ṣe ẹ̀gbin lásán: ohun ìdáná tí kò rí jó ni. Onílé ti san owó rẹ̀, ó sì jókòó, ó ń wò ó bí ó ti ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti ki igi tútù sínú ààrò rí. Bí igi bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yinná a kú, èéfín a gba ilé ìdáná kan, ojú a sì máa ṣomi.

Ìlú tí èéfín èédú ilẹ̀ yọ lẹ́nu jù nínú ìtàn ni Lọ́ńdọ̀n. Ní nǹkan bí 1306 ni Ọba Edward Kìn-ín-ní ti ka jíjó rẹ̀ léèwọ̀ níbẹ̀. Àṣẹ náà kò múlẹ̀, nítorí pé igi ń wọ́n sí i, òtútù kò sì mọ àṣẹ ọba. Ní 1661, John Evelyn kọ ìwé kan sí Ọba Charles Kejì, ó fi ẹjọ́ èéfín sùn, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ tí ń jó èédú púpọ̀ kúrò láàárín ìlú. Wọ́n ka ìwé náà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ohun tí ó wí.

Ní àwọn ọdún 1680 sí 1689, ọkùnrin ará Faransé kan tí ń jẹ́ Dalesme gbé ohun ìyanu kan wá sí ọjà Saint-Germain ní ìlú Paris. Àwo irin tí a ń daná sí ni, ó sì ní ọ̀pá oníhò kan tí ó kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ kí ó tó tún gòkè. Wọ́n á kọ́kọ́ mú ọ̀pá náà gbóná. Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí fa ọwọ́ iná wálẹ̀ dípò kí ó gòkè. Èéfín kò wá rí ibi gbà bí kò ṣe àárín ẹ̀yinná tí ó ti pọ́n, ibẹ̀ ni ó sì ń jó sí. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò fẹ́ gbà, ni wọ́n bá rẹ èédú sínú ìtọ̀ ológbò, wọ́n sì jù ú sínú iná. Kò sí òórùn kankan! Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Justel ròyìn nǹkan yìí, ìròyìn rẹ̀ sì jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀n. Ìwé náà wà ní Lọ́ńdọ̀n, èéfín náà sì wà ní Lọ́ńdọ̀n.

Ẹni tí kò jẹ́ kí ìròyìn náà kú ni Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà. Ó ti ṣe ìdáná onírin kan tí ń dín igi kù, ó sì ti kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1744. Wọ́n fẹ́ fún un ní ìwé àṣẹ pé òun nìkan ni kí ó máa tà á. Ó kọ̀ ọ́, ó ní àwa náà ń jẹ èrè ọgbọ́n ẹlòmíràn. Nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n, ní 1771, ó ronú kan sítóòfù mìíràn fún èédú ilẹ̀. Ó rí bí ìkòkò òdòdó tí a fi irin ṣe. Láti òkè ni afẹ́fẹ́ ń wọlé, tí ó ń gba àárín èédú kọjá lọ sísàlẹ̀, kí ó tó gba àwọn ihò inú àpótí irin lọ sí ọ̀nà èéfín. Ọgbọ́n Dalesme ni, Franklin kò sì fi í pamọ́: nínú àpilẹ̀kọ tí ó tẹ̀ jáde ní 1786, ó dárúkọ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Neil Arnott, oníṣègùn ará Scotland, gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi àpótí èédú sí abẹ́ iná, ó sì ń ti èédú tuntun gòkè díẹ̀díẹ̀. Òkè ni iná wà, nítorí náà gáàsì èédú tuntun kò lè ṣàì gba inú iná kọjá. Royal Society fún un ní ẹ̀bùn Rumford ní 1854.

Ẹ ò rí i pé ìmọ̀ kò wọ́n? Kí ló wá dé tí èéfín kò kúrò? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti máa wo iná tí ń jó níwájú wọn. Ìdáná tí a bò mọ́nú irin kò dùn mọ́ wọn. Sítóòfù tuntun ń náni lówó, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, èéfín ilé kan kò pa onílé náà nìkan lára. Gbogbo àdúgbò ni ó jọ ń mí in. Ẹrù gbogbogbòò, kò sẹ́ni tí ń fẹ́ dá a gbé.

Ní ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù December 1952, atẹ́gùn dákẹ́ lórí Lọ́ńdọ̀n, èéfín sì dì mọ́ kùrukùru. Ọ̀sán dòru. Iye òkú tí ìjọba kọ́kọ́ kà tó 4,000. Àwọn tí ó tún un kà lẹ́yìn ọdún púpọ̀ sọ pé ó tó nǹkan bí 12,000. Nígbà náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956. Òfin náà kò kàn pàṣẹ bí ti Ọba Edward. Ó mú kí a máa san ìdá méje nínú mẹ́wàá owó tí onílé yóò fi pààrọ̀ ìdáná rẹ̀ ní àdúgbò tí a bá ti ka èéfín léèwọ̀. Ní 2023 ni wọ́n sì fòpin sí títà èédú rírọ̀ fún ìdáná ilé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Láti ọjà Saint-Germain dé òfin 1956, ó ju ọdún 260 lọ. Èyí ni ó ń dùn mí. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ní 2020, èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn bí 3.2 mílíọ̀nù lágbàáyé. Kì í ṣe èédú ilẹ̀ ni ó ń rú nílé wa, igi ni. Ṣùgbọ́n òfin iná kan náà ni. Igi gbígbẹ, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yinná tí kò kú, àti afẹ́fẹ́ tí ó tó: ohun tí Franklin kọ sínú ìwé kò jìnnà sí ohun tí ìyá mi ń bá mi wí lé lórí nígbà tí mo bá ki igi kún ààrò.

Àwa tí à ń kàwé níhìn-ín, ẹ má jẹ́ kí á fi ìmọ̀ jọ èédú rírọ̀, tí ìdajì rẹ̀ ń gba orí òrùlé lọ kí ó tó mú ẹnikẹ́ni yá. Ìmọ̀ tí kò dé ilé ìdáná, èéfín ni.