Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Lẹ́tà Tóbi Tó fún Ẹni Tó Ń Ka Yorùbá Lójú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ka ìròyìn lórí kọ̀ǹpútà ló máa ń na ọrùn síwájú, tí wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n ń kà. Bó bá yá, ọrùn á máa dùn wọ́n, orí á máa fọ́ wọn, ojú á sì máa ta wọ́n. Wọn a ní àgbà ló dé. Òótọ́ ni pé agbára tí ojú fi ń rí ohun tó wà nítòsí máa ń dín kù bí ènìyàn bá ti ń kọjá ọdún 40, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́tà ló kéré jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń ka Yorùbá ju ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹni tó ń tún ọkọ́ ṣe kọ́ ló ń tún ọkọ̀ ṣe. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Oko àti ọkọ ńkọ́? Àmì abẹ́ lẹ́tà ni. Àwọn ẹyọ iná tíntìntín tí wọ́n ń pè ní pixel ló para pọ̀ di gbogbo ohun tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Bí ìwọ̀n lẹ́tà bá jẹ́ pixel 10, ara «e» kò ga ju nǹkan bíi 5 lọ, bóyá ni ẹyọ kan á sì kù fún àmì abẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n 16 ni ọ̀pọ̀ ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí ìwé Yorùbá kéré sí i. 18 tàbí 20 tilẹ̀ sàn fún àgbàlagbà.

Irú lẹ́tà náà ṣe pàtàkì. Verdana, tí Matthew Carter yà fún Microsoft, tó sì jáde ní 1996, fẹ̀ lára, àyè sì wà láàrin lẹ́tà kan àti èkejì. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kò tó. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí àyè kan ṣoṣo fún «ẹ́»: ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì ohùn lé ẹ lórí. Irú lẹ́tà tí wọn kò bá ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi lé lẹ́tà mìíràn lórí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí ènìyàn di bọ́tìnnì Ctrl mú, kí ó tẹ àmì ìròpọ̀ (+), lẹ́tà á tóbi sí i. Ctrl àti 0 ló ń dá a padà. Lórí kọ̀ǹpútà Apple, Command ló rọ́pò Ctrl. Ìlànà tí àjọ W3C gbé jáde ní 2008 sọ pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ lè tóbi dé ìlọ́po méjì láìsí pé nǹkan kan sọnù lójú ewé náà.

Kí ojú jìnnà sí ẹ̀rọ tó nǹkan bí apá kan, kí ènìyàn sì máa rántí ṣẹ́jú, nítorí a kì í ṣẹ́jú tó bí a bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ti sọ lẹ́tà di ńlá tí ojú ṣì ń ta á, ọ̀dọ̀ dókítà ojú ló yẹ kó lọ, kì í ṣe ìdí àtẹ tí wọ́n ti ń ta awò ojú lẹ́bàá títì.