Àgbẹ̀ Ọlọ́kà Bàbà Mọ Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olówò ń sọ, tí àwọn oníròyìn ń gbè, tí kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ olóko kékeré tó ń gbin ọkà bàbà nílẹ̀ Háúsá, níbi tí òjò kì í ti í ju oṣù mẹ́rin sí márùn-ún lọ, àdánù ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣe. Ẹ̀rí wọn rọrùn. Hẹ́kítà ọkà bàbà kan kì í sábà mú ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ, bẹ́ẹ̀ àgbàdo tó rí ajílẹ̀ àti òjò dáadáa lè mú ìlọ́po méjì rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì ń gbin ọkà bàbà, bóyá kò mọ ìṣirò ni, tàbí kó jẹ́ pé àṣà bàbá rẹ̀ ló dì í mú.

N kò ní bá wọn jiyàn lórí tọ́ọ̀nù. Bó ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìkórè ni wọ́n wọ̀n, èrè ni wọ́n sì fi ṣe ìdájọ́. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Èkíní, orí ọkà nìkan ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n. Ọkà bàbà ìbílẹ̀, irú èyí tí àwọn Háúsá ń pè ní farafara, máa ń ga ju ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. Igi rẹ̀, tí àwa ń pè ní pòròpórò, ni wọ́n fi ń ṣọgbà, òun ni wọ́n fi ń dáná, òun náà sì ni màlúù àti ewúrẹ́ ń jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti tán. Ẹni tí kò bá ní in yóò rà á. Àwa tí à ń ra pòròpórò pupa lọ́wọ́ ẹlẹ́wé-ọmọ láti fi se àgbo kò yẹ kó jẹ́ àwa ni yóò pè é ní pàǹtí.

Èkejì, oko yẹn kì í ṣe ti ọkà bàbà nìkan. Jéró ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀wà ń bẹ níbẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀pà náà. Ẹni tó bá fi gbogbo hẹ́kítà pín ọkà bàbà nìkan ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyókù láìsan owó rẹ̀. David Norman, onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó ṣèwádìí ní àwọn abúlé agbègbè Zaria láàárín ọdún 1960 sí 1970, ka gbogbo irè náà pọ̀. Ó rí i pé owó tó ń wọlé lórí éékà àdàlù ju ti éékà tí wọ́n gbin irè kan ṣoṣo sí lọ, ó sì ṣeé gbára lé jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta ni òjò. Lóòótọ́, irúgbìn ìbílẹ̀ máa ń pẹ́ lóko. Ṣùgbọ́n pípẹ́ yẹn ní ìdí. Ní 1968, D. L. Curtis, olùwádìí tó ṣiṣẹ́ ní Samaru lẹ́bàá Zaria, ṣàlàyé pé gígùn ọ̀sán ni ọkà bàbà ìbílẹ̀ ń wò kó tó yọ orí. Bí òjò yá, bí òjò pẹ́, ìgbà tí òjò àdúgbò rẹ̀ ń lọ sópin ló ń yọ ọ́. Bó bá yá jù, òjò yóò mú kí ọmọ ọkà bu; bó bá pẹ́ jù, ọ̀dá á pa á.

Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ìdílé kan ń jẹ àpò mẹ́jọ lọ́dún. Àgbàdo fún wọn ní ogún àpò lọ́dún tó dára, mẹ́ta lọ́dún ọ̀dá. Ọkà bàbà fún wọn ní mẹ́wàá lọ́dún tó dára, méje lọ́dún ọ̀dá. Bí a bá ro ó pọ̀, àgbàdo ló borí, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwìn ni wọ́n fi ra ajílẹ̀ àgbàdo, ẹni tí a jẹ lówó kì í sì í dúró de òjò. Lọ́dún ọ̀dá, àpò márùn-ún ni ìdílé tó gbin àgbàdo yóò rà, lákòókò tí gbogbo ayé ń wá ọkà, gbèsè sì wà lọ́rùn. Ọlọ́kà bàbà yóò ra ẹyọ kan. Ta ni kò mọ ìṣirò nínú àwọn méjèèjì?

Àwọn kan yóò ní, ó dáa, àmọ́ oúnjẹ ẹnu lásán ni, kì í ṣe ohun ọjà. Èyí náà kò tọ̀nà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó báálì tí wọ́n fi ń pọn bíà wọ̀lú ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí yíjú sí. Ọkà tí wọ́n sì ń pè ní oúnjẹ ẹnu lásán yẹn, iye tí àgbẹ̀ ìbá fi rà á lọ́jà ní oṣù keje ló yẹ ká kà á sí, kì í ṣe iye táṣẹ́rẹ́ ìgbà ìkórè.

Ṣé mò ń sọ pé àwọn àgbẹ̀ yìí rí já jẹ ni? Rárá. Ìṣẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Polly Hill, olùwádìí tó gbé láàárín àwọn àgbẹ̀ Batagarawa ní Katsina, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1972, bá olówó àti òtòṣì nínú abúlé kan náà. Òtòṣì ń tà nígbà tí ọkà pọ̀, ó ń rà nígbà tí ọkà wọ́n. Olówó ń tọ́jú tirẹ̀ sínú àká títí owó yóò fi gòkè. Irúgbìn kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbìn, abẹ́ òjò kan náà ni wọ́n sì wà. Ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ kò lè jẹ́ ohun tó ya ìkan sọ́tọ̀ fún ìṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ran òtòṣì yẹn lọ́wọ́, kó fi irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀, kó wo gbèsè rẹ̀ àti àká rẹ̀ tó ṣófo.