Ìjọ Méjì Ló Dá Igbobi Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìtàn fún Àwọn Ṣọ́ọ̀ṣì Ìlú Wa

  

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni mo gbé wá lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi ló mú mi lọ wá ìtàn náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ ṣe lẹ́sìn ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ìlú wa tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC àti JAMB. Olùkọ́ ti wà: àwa tí a wà ní yunifásítì la fẹ́ kọ́ wọn. Ibi tí a máa lò ló kù, nítorí gbọ̀ngàn ìlú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òrùlé rẹ̀ ń jò. A lọ bá ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Mi ò ní dárúkọ ìkankan. Ìkíní ní àwọn á fún wa ní gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ àwọn nìkan ló gbọ́dọ̀ wá. Ìkejì ní àwọn náà ti ń gbèrò lẹ́sìn tiwọn, kí a má ba tiwọn jẹ́. Ìkẹta bi wá léèrè pé báwo ni ọmọ àwọn ṣe máa lọ jókòó síwájú ọmọ ìjọ mìíràn, ṣé kì í ṣe pé a fẹ́ fi ọgbọ́n fà wọ́n lọ ni? Bí lẹ́sìn náà ṣe kú nìyẹn. Ìjọ kejì tó ní àwọn fẹ́ ṣe tiwọn, wọn ò ṣe é. Àwọn ọmọ jókòó sílé títí wọ́n fi wọlé.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà, mo mọ bó ṣe ń dùn tó kéèyàn máa sọ pé “ìjọ tiwa”. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ò kúrò lọ́kàn mi: ṣé báyìí làwọn tó mú ìgbàgbọ́ wá bá àwọn baba wa ṣe ń ṣe síra wọn? Mo bá lọ kàwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi hàn yín. Ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹ̀yin ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ọmọ yín wà lára àwọn tó jókòó sílé.

Kérésìmesì kan ní Badagry

Àwọn tó kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe oníwàásù wá sọ́dọ̀ wa kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ wa ni wọ́n, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Sàró. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, Badagry ni púpọ̀ nínú wọn gbà wọlé, wọ́n sì kọrí sí Abẹ́òkúta. Àwọn kan ti di ọmọ Ìjọ Elétò ní Sàró, ìyẹn Mẹ́tọ́díìsì. Àwọn mìíràn jẹ́ Àńgílíkà, lábẹ́ CMS. Ní 1841, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ James Ferguson kọ lẹ́tà láti Badagry pé kí Ìjọ Elétò fi oníwàásù ránṣẹ́ sí àwọn.

Thomas Birch Freeman ló wá. Òyìnbó ni ìyá rẹ̀, èèyàn dúdú ni bàbá rẹ̀. Ó gúnlẹ̀ sí Badagry ní September 1842. Nígbà tó di December, ó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìgbà tí Freeman padà dé Badagry ní December 24, ó bá àlejò kan níbẹ̀. Henry Townsend ni, tí CMS rán wá.

Ẹ ro ó wò. Èèyàn méjì láti inú ìjọ méjì, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n wá, ìgbà kan náà. Ká ní lóde òní ni, ẹ̀yin náà mọ ìbéèrè tí a máa bi ara wa: ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló ni ọmọ ìjọ? Ṣùgbọ́n wọ́n jọ ṣe Kérésìmesì ní Badagry ni. Títí di òní ni àwọn onígbàgbọ́ ń sọ̀rọ̀ Kérésìmesì yẹn àti igi Àgíyà tí wọ́n ti ń wàásù lábẹ́ rẹ̀. Ní January 1843, Townsend náà gba ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́ tó gba Freeman ló gba òun náà.

Ní 1850, ẹnì kẹta dé láti Amẹ́ríkà: Thomas Jefferson Bowen, Onítẹ̀bọmi. Òkè lọ́hùn-ún ló fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ogun dí ọ̀nà. Ó dúró sí Abẹ́òkúta fún ohun tó lé lọ́dún kan, ó ń kọ́ èdè wa láàárín àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀ dé. Nígbà tí ogun Dàhọ́mì dé ẹnu odi Abẹ́òkúta ní March 1851, Bowen wà níbẹ̀ tó ń ran àwọn Ẹ̀gbá lọ́wọ́. Àwọn tó lé ogun náà padà lọ́jọ́ yẹn, onígbàgbọ́ wà nínú wọn, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ wà nínú wọn. Ìlú tó bá fọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú rẹ̀ á bá a fọ́. Bowen gba ibẹ̀ lọ sí Ìjàyè, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ tún wo Bíbélì. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, Àńgílíkà, ló ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, nígbà tó sì fi di àwọn ọdún 1880, odindi Bíbélì ti wà lédè Yorùbá. Mẹ́tọ́díìsì ò ní àwọn fẹ́ tiwọn lọ́tọ̀. Onítẹ̀bọmi kà á. Nígbà tí àwọn Aládùúrà dé, òun náà ni wọ́n gbé lọ sórí òkè àdúrà. Ẹ lọ ṣí Bíbélì ìyá àgbà yín nílé. Ìjọ kan ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, gbogbo ìjọ ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pín

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìrẹ́pọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ní 1888, ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó fọ́ sí méjì, apá kan jáde lọ dá Ebenezer sílẹ̀. Ní 1891, àwọn kan kúrò, wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí UNA. Ní 1901, Ìjọ Áfíríkà tún jáde láti inú Àńgílíkà.

Ẹ má tètè dá àwọn bàbá wọ̀nyẹn lẹ́bi. Àwọn òyìnbó kan ti gba àṣẹ ìjọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Crowther fúnra rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù odindi, wọ́n tẹ́ ẹ níwájú àwọn ọmọ kékeré kó tó kú ní 1891. Àwọn tó jáde, kì í ṣe nítorí àga iwájú ni wọ́n ṣe jáde. Wọ́n fẹ́ kí èèyàn dúdú lè darí ìjọ èèyàn dúdú. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìyapa ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 1914, àwọn Onítẹ̀bọmi péjọ ní Ìbàdàn. Àwọn tó jáde wà níbẹ̀, àwọn tí kò jáde náà wà níbẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀, wọ́n sì fi Mojola Agbebi ṣe ààrẹ. Mojola Agbebi wo? Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó jáde ní 1888 ni! Wọn ò ní kí Ebenezer ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Wọn ò ní kí Agbebi kọ́kọ́ wá tọrọ àforíjì. Kálukú wà nínú ilé tirẹ̀, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ yẹn ló dàgbà di àpapọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà tí a mọ̀ lónìí.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ méjì bí

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Àńgílíkà ní CMS Grammar School ní Èkó. Mẹ́tọ́díìsì ní Methodist Boys’ High School. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá ni méjèèjì, wọ́n sì ń bá ara wọn díje. Ní 1932, ìjọ méjèèjì para pọ̀, wọ́n dá Igbobi College sílẹ̀ ní Yaba. Níbo ni wọ́n ti rí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́? CMS Grammar School mú àádọ́ta ọmọ sílẹ̀, Methodist Boys’ mú àádọ́ta ọmọ sílẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọmọ pé. Ìjọ kọ̀ọ̀kan fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí iṣẹ́ àjọṣe lè bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1928, ìjọ méjèèjì ti jọ dá United Missionary College sílẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1958, wọ́n tún jọ dá Immanuel College sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti kọ́ àwọn àlùfáà. Ẹ gbọ́ o, àlùfáà! Àlùfáà Àńgílíkà àti ti Mẹ́tọ́díìsì nínú kíláàsì kan náà. Àwa tiwa ń bẹ̀rù kí ọmọ ìjọ méjì jọ kọ́ Mathematics.

Ọjọ́ tí kò dé

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn olórí ìjọ wò ó pé kí ló kù? Ní apá gúúsù Íńdíà, Àńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ti di ìjọ kan ní 1947. Nàìjíríà náà lè ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Àńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian fi jókòó sọ ọ́. Wọ́n kọ ìlànà. Wọ́n mú ọjọ́: December 11, 1965. Lọ́jọ́ yẹn, mẹ́ta máa di ọ̀kan.

Ọjọ́ náà kò dé. Nígbà tó ku díẹ̀, wọ́n sún un síwájú, sísún náà ló sì sún títí dòní. Kí ló fà á? Inú àwọn kan lára ọmọ ìjọ kò dùn sí i, pàápàá láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó. Ọ̀rọ̀ dúkìá ìjọ wọ̀ ọ́: ilẹ̀ ta ni, ilé ta ni? Oṣù kan lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n mú, sójà gba ìjọba ní January 1966, kò sì pẹ́ tí ogun abẹ́lé fi dé. Ọkàn gbogbo èèyàn kúrò níbẹ̀. Ní 1976, wọ́n dá CAN sílẹ̀, àwọn Kátólíìkì wà nínú rẹ̀, àwọn Aládùúrà náà sì ní ẹ̀ka tiwọn níbẹ̀ báyìí. Ẹgbẹ́ ni CAN, kì í ṣe ìjọ kan.

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ púpọ̀. Àńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n jọ dá Igbobi sílẹ̀, àwọn náà ni wọn ò lè parí ọ̀rọ̀ 1965. Ìjọ kan náà ni. Báwo wá ni?

Bó ṣe yé mi rèé, ẹ̀yin àgbà lè tún un ṣe fún mi. Ní 1932, wọn ò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ìjọ rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀, àwọn ọmọ fẹ́ kàwé, wọ́n bá jọ gbé e. Àwọn òbí rí èrè rẹ̀ lójú. Ní 1965, òkè ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àti nínú ìwé. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí bàbá rẹ̀ ru bíríkì kọ́ ilé yẹn, ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ gba ilé bàbá òun. Kò burú tó bá bẹ̀rù. Ìfẹ́ tó ní sí ìjọ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìfẹ́ yẹn bá ti ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹlòmíràn, nǹkan ti yí padà. Ní alẹ́ tó ṣáájú ikú Jésù, ó gbàdúrà pé kí àwọn ọmọlẹ́yìn òun jẹ́ ọ̀kan. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa àdúrà yẹn, mi ò rí ibi tó ti dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan.

Ẹ tún wò ó: nígbà tí ọ̀rọ̀ 1965 dàrú, Immanuel College ò tú ká. Ìwé tí wọ́n kọ já, ibi tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ dúró.

Kí la wá fẹ́ ṣe?

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ò bẹ̀ yín pé kí ìjọ wa di ọ̀kan. Ta ni wá? Ohun tí a ń bẹ̀ fún kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tún ń bọ̀. Lẹ́sìn náà á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kó máa yí ká. A ò ní béèrè ìjọ lọ́wọ́ ọmọ kankan, bẹ́ẹ̀ ni a ò ní béèrè ẹ̀sìn. Olùkọ́ tó bá mọ Chemistry ló máa kọ́ Chemistry, ibi yòówù kó ti máa ń ṣe ìsìn. Nínú kíláàsì, kò sí ìwàásù, kò sí fọ́ọ̀mù ọmọ ìjọ tuntun. Tí mọ́ṣáláṣí náà bá fẹ́ gbà wá lálejò fún ọ̀sẹ̀ kan, a ó bọ́ bàtà, a ó wọlé.

Ẹ̀yin pásítọ̀, àlùfáà, bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ yín kí oṣù yìí tó parí. Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa ní Èkó, Abuja àti ìlú òyìnbó, ẹ bá wa pe àwọn ìjọ yín nílé. Ẹ̀yin ni wọ́n ń kọ lẹ́tà ìkórè sí, wọ́n á gbọ́ ohùn yín.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ọmọ tó bá jókòó sílé lọ́dún yìí náà, kò ní bi wá pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ló jẹ̀bi. Ó kàn máa mọ̀ pé ìlú rẹ̀ ní gbọ̀ngàn mẹ́ta, òun ò sì rí ibi jókòó.

 Ọlọ́run á bá wa tún ìlú wa ṣe.