Oògùn Wo Ni Yóò Jẹ́ fún Aláìsàn Yìí? Jane Wright àti Ìwádìí Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ

Bí wọ́n bá dárúkọ Dókítà Jane Cooke Wright, ipò tó dé ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ kà: òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn méje tó dá ASCO, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní 1964; òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ Ẹgbẹ́ Jẹjẹrẹ ìlú New York ní 1971. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyìn ipò yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èrò mi ni pé ohun tó sọ Wright di aṣáájú ni ìbéèrè kan tó tẹnu mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún: nínú àwọn oògùn tó wà nílẹ̀, èwo ni yóò jẹ́ fún jẹjẹrẹ tó wà lára aláìsàn tó dùbúlẹ̀ síwájú mi yìí?

Ká tó lè mọ bí ìbéèrè yẹn ti wúwo tó, ó yẹ ká rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà tó di dókítà ní 1945. Ọ̀bẹ àti ìtànṣán ni wọ́n gbójú lé. Bí kókó bá ti tàn ká ara, ọ̀rọ̀ bùṣe. Oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni: ní Yale, wọ́n dán nitrogen mustard, tó bá gáàsì olóró ojú ogun tan, wò lára aláìsàn ní 1942; ní Boston, Sidney Farber ròyìn ní 1948 pé aminopterin mú kí àìsàn àwọn ọmọdé kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn o. Èyí tó di kókó líle sínú ọmú tàbí ìfun, ọ̀pọ̀ dókítà ò gbà pé oògùn lè ràn án.

Lọ́dún 1948 kan náà, bàbá rẹ̀, Louis Tompkins Wright, dá ibùdó ìwádìí jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní Harlem Hospital. Ìdílé oníṣègùn ni: oko ẹrú ni wọ́n bí bàbá Louis sí, kó tó kàwé di dókítà, Louis fúnra rẹ̀ gboyè ní Harvard ní 1915. Jane dara pọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ ní 1949, nígbà tí bàbá sì kú ní 1952, òun ló di olórí ibùdó náà. Àwọn kan lè sọ pé ogún ló jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó jogún yàrá ìwádìí. Ohun tó fi yàrá náà ṣe ni tirẹ̀.

Ní 1951, tọmọ-tòun bàbá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí àwọn oògùn bíi methotrexate jáde. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé methotrexate lè mú jẹjẹrẹ ọmú, tí í ṣe kókó líle, sún kì. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ pín sí méjì nílò folic acid, ọ̀kan lára fítámì inú ewébẹ̀, láti fi ṣe DNA tuntun. Methotrexate jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè jókòó sí àyè rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì ò sì ní lè pín mọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ nìkan kọ́ ló ń pín kíákíá. Mùdùnmúdùn inú egungun àti awọ inú ẹnu náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó ń lo irú oògùn yìí fi gbọ́dọ̀ máa wo ẹnu aláìsàn bóyá ó ti ń bó, kó sì máa ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Bí oògùn bá le tó báyìí, kò yẹ ká fún ẹni tí kò ní í jẹ́ fún. Ibí ni iṣẹ́ Wright ti yàtọ̀. Ó pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń dán oògùn wò lára eku. Wright àti Jewel Plummer Cobb, obìnrin aláwọ̀ dúdú mìíràn tó jẹ́ onímọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì, yíjú sí kókó tó ti ara aláìsàn fúnra rẹ̀ wá. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ti gé e, wọ́n á mú díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú oúnjẹ tó lè mú sẹ́ẹ̀lì wà láàyè, nínú ooru tó bá ti ara ènìyàn mu. Wọ́n á wá da oògùn sí i, wọ́n á sì máa fi maikirosíkóòpù wò ó: ṣé ó ṣì ń pín, àbí ó ti ń wó? Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ohun tí wọ́n rí nínú ìgò wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Àbájáde irú àfiwé yìí ni àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine ní 1957, nígbà tí Wright ti kúrò ní Harlem lọ sí Yunifásítì New York. Oògùn tó jẹ́ fún Táyé lè má jẹ́ fún Kẹ́hìndé. Wright fẹ́ kí dókítà mọ ìyàtọ̀ náà kó tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan tó le bí májèlé. Abájọ tó fi wà níbi ìdásílẹ̀ ASCO, tó sì jẹ́ akọ̀wé àti akápò rẹ̀ títí di 1967: ìtọ́jú aláìsàn gan-an ni ẹgbẹ́ náà dojú kọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí lè sọ pé ọ̀nà inú ìgò yìí kò di àṣà ní ilé ìwòsàn. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì inú ìgò kò ní ẹ̀dọ̀ tí yóò sọ oògùn di nǹkan mìíràn, kò ní kíndìnrín tí yóò tọ̀ ọ́ dànù; ohun tó kú nínú ìgò lè yè nínú ara. Ṣùgbọ́n pé ọ̀nà kan kò dé ibi tí a fẹ́ kò sọ ìbéèrè di asán. Lónìí, kí dókítà tó yan oògùn fún jẹjẹrẹ ọmú, ó yẹ kí wọ́n ti yẹ kókó náà wò bóyá ó ní ibi tí estrogen, homonu obìnrin, ń so mọ́, àti bóyá HER2, purotéènì kan tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa pín, ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Irinṣẹ́ ti yàtọ̀ pátápátá. Ohun tí wọ́n ń wá kò yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tó fi hàn pé púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin Nàìjíríà tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò ní ibi tí estrogen ń so mọ́. Tamoxifen, oògùn tó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ obìnrin là, ibi tí estrogen ń so mọ́ yẹn ló ń dí, nítorí náà kì í jẹ́ fún irú kókó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí wọn ò ṣe àyẹ̀wò yìí fún, nítorí pé kò sówó tàbí pé láàbù ilé ìwòsàn ò ní ohun èlò rẹ̀, lè máa gbé oògùn náà mì lójoojúmọ́, kí kókó sì máa dàgbà.